Igi Kan Péré

Ní Dutse, lẹ́yìn òkè alápàáta,
níbi tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fi iyanrìn nu ojú ilé,
èmi ni mo gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ dé oko Màálàmù Inúwà,
èmi ọmọ Ìkìrun tí kò mọ̀ ju ọ̀pẹ elépo lọ.
Mo ní, "Bàbá, títì olọ́dà ń bọ̀."
Ó ní kí n jókòó ná.
Ó bu dàbínù sínú àwo tánganran fún mi,
ó ń nàka sí igi bí ẹni ń fi ọmọ han àlejò:
mẹ́tàlélógún.
Èyí tí ìyá rẹ̀ gbìn lọ́dún tí wọ́n bí i.
Èyí tí ikán jẹ nídìí tí kò kú.
Èyí tí kànga ẹ̀rọ àwọn ará ilé tuntun fa omi mọ́ lẹ́sẹ̀,
tó wá ń so wẹ́wẹ́ bí eyín eku.

Àánú ṣe mí. Irọ́ kọ́.
Ìlà tí ọ́fíìsì fà yóò gba igi mẹ́sàn-án;
mo jókòó ti máàpù lóru,
mo tẹ ìlà náà díẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́,
títí ó fi ku igi kan péré lójú ọ̀nà,
ọ̀kan gíga báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà
tí kò ní èso kankan lórí.
Mo fi ọ̀dà pupa sàmì sí i lára.
Mo rò pé mo ṣoore.

Bàbá wo àmì náà pẹ́.
Hausa mi kò jinlẹ̀,
Yorùbá tirẹ̀ kò kọjá "ẹ kú iṣẹ́".
Ó kàn fọwọ́ gbá igi náà pẹ́pẹ́
bí a ti í gbá ẹṣin lọ́rùn kí a tó tà á.
Katakata dé lọ́jọ́ Ajé.
Igi ti wó kí oòrùn tó mú.

Ọdún yípo. Mo padà wá wọn gọ́tà.
Igi méjìlélógún dúró,
òdòdó wọn là, ó funfun, ó ń retí,
ó gbẹ síbẹ̀.
Hànsátù ọmọọmọ rẹ̀, tó gbé ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ n'Ílọrin,
ló sọ ọ́ fún mi, kò tilẹ̀ bínú:
"Akọ lẹ gé.
Bàbá a máa fi igbà gùn ún,
a bu àtíkè rẹ̀ sínú aṣọ,
a gbé e kiri ọ̀dọ̀ àwọn abo, lọ́kọ̀ọ̀kan.
Akọ oko kejì ti di ilé epo.
Àwọn ọmọkùnrin tó lè gun igi
ń gun àkàbà nílé tí wọ́n ń kọ́."

Bàbá gbé àwo tánganran yẹn jáde.
Dàbínù inú ọ̀rá ni, ti òkè òkun,
ó ń dán bí bàtà tuntun.
Mo jẹ ẹ́. Kí ni n bá ṣe?

Lẹ́yìn náà ó gbé kẹ́tùrù àlùwàlá,
ó da ìyókù omi sí ìdí kùkùté lẹ́tí títì:
ọmọ igi kan ti yọ, kò ga ju ìka lọ,
ní ibi tí ìlà gọ́tà mi yóò gbà gan-an.
Mo mi agolo ọ̀dà lọ́wọ́.
Ó ṣì kún.