Ọ̀kàndínnígba

Èmi ni mo ń kó àga.
Ẹ gbójú kúrò lára aláṣọ pupa tó gbá àpò awọ ewúrẹ́ mọ́ra
bí ẹni gbé ọmọ tó kọ̀ tí kò sùn.
Ẹ wò mí, èmi Sàhárì, olùṣọ́ ilé-ìwé Smerékà,
tí mo so àga mẹ́fà-mẹ́fà mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù
láti ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé títí dé pápá òkè,
igi páìnì lọ́tùn-ún, ọ̀gbun lósì,
orúnkún mi ń ké ju kẹ̀kẹ́ lọ.

Igba àga, fún ìgbà ooru kan ṣoṣo,
ọjọ́ mẹ́ta péré tí ènìyàn ìlú wa pọ̀ ju àgùntàn.
Oṣù mẹ́fà ni yìnyín fi ń jókòó sórí òrùlé wa
láìtọrọ àga lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Bó bá dìde, Jámánì á yá wa láwọn ọmọ wa fún ọ̀sẹ̀ kan,
àwọn àti ọkọ̀ tó ń dán,
àti ọmọ tí kò gbọ́ èdè tí ìyá-ìyá rẹ̀ fi ń kí i.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, olórí ìlú á sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀,
ẹ̀rọ gbohùngbohùn á han bí ológbò tí a tẹ̀ nírù.
Lẹ́yìn náà ni ọgọ́rùn-ún fèrè aláwọ á mí lẹ́ẹ̀kan náà.
Òkè á máa gbọ̀n nínú eyín mi,
ọtí èso inú ife á máa rú ìgbì wẹ́wẹ́.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ka àga lóru,
ọ̀kàndínnígba.
Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kàndínnígba.
Lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀, bákan náà:
nọ́ńbà tó gbé ohun tó sọnù sínú orúkọ ara rẹ̀.
Títí ilẹ̀ á fi mọ́, tí máa bá àga náà lẹ́nu ilẹ̀kùn,
koríko tútù lẹ́sẹ̀ rẹ̀,
bí ọmọ tó sùn síta.

Lọ́dún yìí mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Lálẹ́ kejì mo rí ọ̀kànléláàádọ́rin
tó ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn Stamẹ́nà,
ẹni ọgọ́rin ọdún, tó ń fún wàrà àgùntàn.
Mo tẹ̀ lé e. Mo ti di ìbínú sẹ́nu.

Ó ti jókòó kí n tó dé, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.
“Sàhárì, dákẹ́. Wo ọwọ́ wọn.”
Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́.
Ọwọ́ wọn ti sinmi lórí itan
kí àtẹ́wọ́ náà tó gun òkè dé ọ̀dọ̀ wa.

“Òkè tó kọjú sí wa yìí ni Mladẹ́nì ti ń gégi.
Máa rí àáké tó balẹ̀,
máa kà á: ení, èjì,
kí n tó gbọ́ ‘gbì’.
Lọ́jọ́ tí igi wó lù ú,
ojú mi rí i. Etí mi kò tíì gbọ́.
Ení, èjì.
Mo ṣì lọ́kọ.”

Ó bu wàràkàṣì fún mi láti inú aṣọ ìnuwọ́,
ó ní iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, kí n má bínú.

Mo jókòó sórí koríko.
Ìrì wọ inú ṣòkòtò mi.
Fèrè ń dé, pẹ́, tó ń pẹ́,
bí lẹ́tà tí ẹni tó kọ ọ́ ti kó kúrò nílé.

Mo sọ̀kalẹ̀. Mo ka àga lábẹ́ iná.
Nínú ìwé ìjọba mo kọ ọ́ pé: *igba, ó pé.*
Lọ́dún tó ń bọ̀ máa gbé méjì gun òkè,
bí orúnkún bá gbà.