Gìgísẹ̀ Tí A Ò Dè

Lẹ́tà oníṣọ́ọ̀bù ti Nọ́wè dé. Ìbéèrè mẹ́ta péré:
Báwo ni síkì náà yóò ṣe gùn tó? Báwo ni yóò ṣe fẹ̀ tó?
Irú ìdè wo ni kó di bàtà Màmá mú?
Iwájú ilé ní Ìjemọ̀ ni mo ti kà á,
ọyẹ́ ń fá ètè mi,
àpáta ẹ̀yìnkùlé gbóná débi pé alángbá ń gbẹ́sẹ̀ ní méjìméjì.

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí.
Nọ́ọ̀sì ni mo ṣe lọ́hùn-ún kí n tó kó ẹrù padà wálé.
Lọ́dọọdún, bí oṣù kejì bá ń bọ̀,
Mọrẹ́nikẹ́ ọmọ mi a fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́:
"Màámi, yìnyín ti wà nílẹ̀ o."

Síkì àtijọ́ mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
igba sẹ̀ǹtímítà ó dín márùn-ún.
Mo rà á nígbà tí eékún mi kì í sọ̀rọ̀.
Ẹ wá gbọ́ ọ báyìí bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn.
Ọ̀kan nínú méjèèjì, Ṣèwà ọmọ ayálégbé ti fi ti okùn aṣọ;
àdìrẹ ń kán omi aró sí i lára.

Ọ̀gá Ṣówẹ̀mímọ́ káfíńtà fi ìka kàn án:
"Igi gidi ni. Bó bá gùn jù, ṣebí ayùn wà?
N ó gé e kí ilẹ̀ tó ṣú."
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Àmọ́ mo yá téèpù rẹ̀, mo fẹ̀yìn ti ògiri.
Nígbà kan rí, ọwọ́ tí mo bá nà sókè ni ìwọ̀n.
Lónìí, iwájú orí tó.
Ẹ kọ ọ́: ọgọ́jọ.

Ìbú ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ èyí tó fẹ̀ bí ọpọ́n ayò,
tó ń léfòó lórí yìnyín tó mu èèyàn dé itan.
Èmi ò wá ibi jíjìn mọ́.
Ojú ọ̀nà tí wọ́n ti tẹ̀, láàárọ̀, kí oòrùn tó yọ́ ọ, tó mi.
Ṣùgbọ́n tóóró bíi ti ìjọsí náà kọ́,
tóóró a máa gbọ̀n bíi kẹ̀kẹ́ lórí òkúta.
Ibi tí bàtà ń tẹ̀, kó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ìdè ló gba oorun lójú mi.
Ti àtijọ́, ìṣó mẹ́ta ni, tó bu bàtà ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ jẹ,
tí kì í jọ̀wọ́ ẹnikẹ́ni.
Mo ṣubú lọ́dún kan: ẹsẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, ara lọ sósì,
oṣù mẹ́ta lórí ibùsùn irú èyí tí èmi fúnra mi ń tẹ́ fún aláìsàn.
Ti ìsinsìnyí ní sípíríǹgì. Èèyàn ṣubú, ó tú.
Ó wúwo díẹ̀, owó rẹ̀ sì ń dun ni,
ṣùgbọ́n mo ti dàgbà tó láti fẹ́ ohun tó mọ ìgbà tó yẹ kó fini sílẹ̀.

Kó ṣáà má di gìgísẹ̀ mi.
Ìyẹn nìkan ni mo fàlà sí nídìí.
Gìgísẹ̀ a gbéra, eékún kan a wolẹ̀, ìkejì a ṣíwájú,
èèyàn a sì fi ìkúnlẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè.
Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àwọn òyìnbó tó ń kúnlẹ̀ bọ̀ látòkè,
mo ní, ta ni wọ́n ń kí?
Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí. Ìyẹn ò gba olùkọ́.

Nírọ̀lẹ́ mo bọ́ sórí sìmẹ́ńtì, mo ń dán eékún wò:
ọ̀tún sílẹ̀, òsì síwájú. Òsì sílẹ̀...
Ọmọkùnrin tó ń gbé omi inú ọ̀rá wọlé rí mi,
àgbàlagbà, lórí eékún, níwájú rẹ̀.
Ó ju omi nù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku:
"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, kí ni mo ṣe?"
Mo fẹ́ dìde lọ gbé e.
Eékún ní kí n ní sùúrù.