Ìgbésẹ̀ Méjì Sẹ́yìn

Èmi ni mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí kápẹ́ẹ̀tì.
Mo ní, "Míìsì Oldroyd, ibí ni kí ẹ dúró.
Bí ohùn yín bá fẹ́ gòkè,
ẹ sún sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ méjì,
kí gílóòbù inú ẹ̀rọ wa má baà fọ́."
Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé
tó fẹ́ kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀.

Ọdún kẹrin lẹ́yìn ogun ni, ní Leeds,
òkè ilé ìkẹ́rùsí kan,
kọ́tìnì tó nípọn bo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
ooru mú bí inú ààrò búrẹ́dì.
Gbohùngbohùn dúró gbagidi,
kò lójú, kò lọ́wọ́ tí yóò fi pàtẹ́wọ́.
Síbẹ̀ Dorcas wọ sílíkì aláwọ̀ ewé,
ó wọ́ ọ nílẹ̀ ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀.
"Ta ló ń rí yín?"
"Ohùn tó bá wọ àkísà, etí á mọ̀."

Ó kọrin.
Mo di ẹ̀rọ mú bí ẹni di ìjánu ẹṣin.
Lábúlé àwọn awakùsà, ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀rọ àfisétí
sínú abọ́ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun,
kí orin lè kún ilé ìdáná;
àwọn aládùúgbò tẹ̀ yí i ká bí ẹni ń yáná.
Baba rẹ̀, tí èédú ṣì wà létí rẹ̀,
ní, "Ọmọ mi nìyẹn. Níbo ló wà?"

Lọ́sẹ̀ kejì, lẹ́tà dé láti Whitby,
ọwọ́ ẹni tí gáàsì ogun fọ́ lójú:
"Mo gbọ́ aṣọ yín tó ń ha ilẹ̀.
Àwọ̀ ewé ni, àbí irọ́ ni mo pa?"
Dorcas ká a sínú àpò rẹ̀,
kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Gbohùngbohùn tuntun dé láti Lọ́ńdọ̀nù,
etí rẹ̀ mú ju ti ológbò lọ.
Àwọn tó ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́ ló fẹ́ràn,
bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.
Ìgbésẹ̀ méjì di mẹ́rin,
mẹ́rin di mẹ́jọ,
títí ẹ̀yìn Dorcas fi kan ilẹ̀kùn.
Kò sẹ́ni tó lé e.
Ó kàn ṣí i ni.

A kò gba ohùn rẹ̀ sí àwo kankan;
kò sẹ́ni tó rò ó.
Mo ti darúgbó. Lálẹ́ àná mo ń yí rédíò,
láàárín ìlú méjì, níbi tí ariwo ti ń rọ̀ bí òjò,
ẹsẹ̀ mi ṣàdédé sún sẹ́yìn.
Ìyàwó mi bi mí pé kí ló dé.
Mo ní kò sí.