Ilẹ̀ Mábù Ilé Filomẹ́nà

Ní Pópó Àgùdà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì,
ni wọ́n ti ránṣẹ́ pè mí láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀:
"Rábíù, gbé ẹ̀rọ rẹ wá, ilẹ̀ wa ti kú."
Mo débẹ̀, mo bọ́ bàtà,
mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ bi í léèrè ọ̀rọ̀.
Ilẹ̀ kò kú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Ẹ má wò ó pé òkúta ni.
Mábù a máa jẹ, a máa mu;
bí òroǹbó wẹ́wẹ́ bá kán sí i lára
yóò hó ṣùù,
ojú ibẹ̀ a ràn, bí ojú arúgbó tí funfun bò.
Mo rí àmì ife mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.
Mo rí ibi tí ọmọ ọ̀dọ̀ da háípò sí:
ó fẹ́ wẹ̀ ẹ́ ni, ó bó o láwọ̀.

Ṣùgbọ́n olè gan-an, iyanrìn ni.
Iyanrìn etí ọ̀sà,
tí í bá bàtà wọlé láìkan ilẹ̀kùn,
tí í họ ilẹ̀, tí í họ ọ́, tí í họ ọ́ lọ.
Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà;
àádọ́rùn-ún ọdún ni tilé yìí fi wọ̀ ọ́.

Kòtò kan wà lẹ́nu yàrá ẹ̀yìn,
ó jìn bí àwo pẹrẹsẹ, omi ń dúró sínú rẹ̀.
Mo ní lọ́kàn mi pé orúnkún ni,
orúnkún ìyá àgbà kan tó ń gbàdúrà lálaalẹ́.
"Ìyá, ṣé kí n fi eléyìí sílẹ̀ fún ìrántí?"
Filomẹ́nà rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá fi yẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.
"Ìrántí kí ni? Àgbá omi ni!
Bàbá wa ló ń yí i wọlé láràárọ̀
látìgbà tí ẹ̀rọ ìta ti gbẹ.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣubú níbẹ̀. Fá a!"

Mo fá a.
Mo po gọ́ọ̀mù mọ́ ìyẹ̀fun òkúta, mo fi dí ojú sísán.
Àwo ìlọ̀ tó rí gbàrágbàrá ló ṣáájú,
èyí tó kúnná tẹ̀lé e,
omi ń tú, ẹrẹ̀ funfun ń ṣàn bí ògì.
Iná lọ. Mo fi ọwọ́ lọ àwọn igun.
Iná dé.

Nígbà tó dàṣálẹ́, fèrèsé aláràbarà wọ inú ilẹ̀ lọ,
tòun ti pupa, tòun ti aró.
Filomẹ́nà bẹ̀rẹ̀ wo ojú ara rẹ̀, ó tún ìborùn ṣe.
Lẹ́yìn náà ó rìn dé ẹnu yàrá ẹ̀yìn,
ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá kòtò yẹn kiri.
Kò sọ nǹkan kan.

Mo ní: kò gbọdọ̀ sí òroǹbó, kò gbọdọ̀ sí háípò,
omi lásán àti aṣọ tó rọ̀ ti tó.
Ẹ tẹ́ ẹní ìnusẹ̀ kan síta, ẹ tẹ́ kan sínú.
Ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu mi
tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi já wọlé láti orí pápá,
bọ́ọ̀lù lábíyá, iyanrìn dé orúnkún.
Àwa méjèèjì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà:
"Ẹsẹ̀ rẹ!"