Ìgò Kẹta

Ìgò àkọ́kọ́, ọwọ́ ọbẹ̀ ni mo fi pò ó:
kànáfùrù ẹ̀kúnwọ́, èfìnrín ẹ̀yìnkùlé,
mo rẹ gbogbo rẹ̀ sínú ọtí líle.
Ọjọ́ kẹta, mo fi pa ọrùn, mo rìn gba Ìjẹ̀mọ̀ kọjá.
Màmá Ṣóyẹmí yọjú lójú fèrèsé:
"Ta ní ń se ewúrẹ́ láàárọ̀ yìí?"

Ìgò kejì, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ àti koríko ọba.
Ó ta sánsán! Mo ké sí Ìbídùn.
Kó tó gun àtẹ̀gùn dé,
ó ti lọ, bí àlejò tó kí wa lóròó.
Ìbídùn ní, "Kò nídìí. Wá nǹkan tí yóò jókòó tì í."

Mo ra oje tùràrí ní Kútọ̀.
Mi ò bù ú mọ́, mo ń kà á bó ṣe ń kán,
mo gbé e sábẹ́ ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta,
kí oòrùn má bàa jí òórùn lọ.

Ohun tí mo ń wá nìyí, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín:
òjò àkọ́rọ̀ Abẹ́òkúta,
ìgbà tó kọ́kọ́ bọ́ sórí àpáta tó gbóná janjan,
tí òkúta mí kanlẹ̀.

Mo ṣí ìgò. Kì í ṣe òjò.
Àpótí ìyá mi ni,
kíjìpá, káńfọ̀, ìdérí tó máa ń ké,
ọdún kẹsàn-án rèé tá a ti tà á.
Mi ò wá a. Òun ló wá mi.

Mo dé e pinpin.
Ọtí ṣì kù; mo ń wá ìgò kẹrin.
Ojú ọ̀run ti ṣú lápá Àró.