Mẹ́rin, Mẹ́rin, Mẹ́rin

Ó nu bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà
bí ẹni tó fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì,
ó ní, "Ẹ káàárọ̀. Baltazar Oyarzún. Wolé-wolé."
Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méje.
Kùrukùru òkun ṣì bo àwọn òkè Valparaíso,
ọbẹ̀ ẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó,
tábìlì wa ò ju mẹ́fà lọ, ọ̀kan sì ń mì.

Ìyá Eduvigis ló ni ilé oúnjẹ.
Èmi ni mò ń fọ abọ́, tí mò ń ha ìpẹ́ ẹja,
èmi náà ni wọ́n fi ìwé òtútù lé lọ́wọ́:
láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́,
kí n ṣí fíríìjì, kí n wo tẹmọmítà,
kí n kọ ohun tí mo rí.
Iṣẹ́ tí kò gbà ju kí èèyàn sín lẹ́ẹ̀kan lọ.

Oyarzún fi ìka kan ra abẹ́ àwo ìfọbọ́.
Ó gbóòórùn pátákó tí a fi ń gé àlùbọ́sà.
Ó fọwọ́ kan ọṣẹ, bóyá ó lómi lára:
ọṣẹ tó bá gbẹ máa ń rojọ́ ẹni.
Tiwa lómi. Orí mi wú díẹ̀.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó tan iná sábẹ́ sítóòfù,
ó rí ẹyọ ẹ̀wà kan níbẹ̀, ẹ̀wà ọdún wo, Ọlọ́run ló mọ̀,
ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni ń kọ orúkọ ọmọ tuntun.

Ìgbà náà ló béèrè pé, "Ìwé dà?"

Mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin.
Ọjọ́ Ajé, mẹ́rin. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mẹ́rin.
Ọjọ́ tí ìjì gbé iná lọ láti àárọ̀ dalẹ́, mẹ́rin.
Bírò kan náà, ọwọ́ kan náà,
ọjọ́ mọ́kànlá tí mo kọ lálẹ́ ọjọ́ kan
tí mo gbẹ́sẹ̀ lé àga, tí mò ń jẹ búrẹ́dì.
Wọ́n ní irọ́ a máa rin ogún ọdún
kí òtítọ́ tó lé e bá.
Tèmi ò tíì rìn dé ìkóríta.

Kò bá mi wí. Ìyẹn ló dùn mí jù.
Ó yọ tẹmọmítà tirẹ̀ lápò, tín-ínrín bí abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì,
ó fi gún ẹja tí a gé sílẹ̀ lánàá,
a dúró.
Fíríìjì ń kùn,
arúgbó tó ti ń ráhùn láti ọdún méje
tí a ń sọ pé orin ló ń kọ.
Mẹ́sàn-án.

Ìyá Eduvigis wò mí. Kò wo Oyarzún.
Ó nu ọwọ́ tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀.
Ní oṣù kẹta, ọmọ Filomena, ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn,
jẹ ẹja níbòmíràn, ó lo ọjọ́ márùn-ún nílé ìwòsàn.
Gbogbo wa la bú ilé oúnjẹ yẹn.
Ohùn tèmi ló ròkè jù.

Kílò mẹ́rìnlá. Inú àpò dúdú ni,
pẹ̀lú omi bílíìṣì, kí ajá àdúgbò má baà jẹ ẹ́.
Ìyá Eduvigis fúnra rẹ̀ ló dà á,
ẹja tó jí lọ rà ní aago márùn-ún ìdájí,
tó bá apẹja ná dórí owó ẹyọ.
Àwọn ajá jókòó lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń wò wá
bí ìbátan òkú tí a kò pín ogún fún.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ilẹ̀kùn fi wà ní títì.
Àwọn oníbàárà ń ka bébà ara gíláàsì,
wọ́n ń kẹ́dùn, wọ́n ń gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.
Rọ́bà ẹnu fíríìjì ló ti jẹ;
owó rẹ̀ ò tó ti ẹja kílò méjì.
Kò lé mi. Ó ní,
"Bí mo bá lé ọ, ta ni yóò dá irọ́ mọ̀ nínú ìwé?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, kí kùrukùru tó ká kúrò,
mo ṣí ojú ewé tuntun.
Mo wo tẹmọmítà títí ojú mi fi tutù.
Márùn-ún.
Ọwọ́ mi fẹ́ kọ mẹ́rin, ó ti mọ ọ̀nà ibẹ̀.
Mo dá a dúró.
Mo kọ márùn-ún.
Mo pe Ìyá Eduvigis kó wá wò ó.