Àkọsílẹ̀ Akápò

Èmi Dáísí, akápò ẹgbẹ́ aláàánú ní Ìsánlú,
ni mo ń kọ èyí sí ẹ̀yìn ìwé owó
nítorí kò sí ìlà tó gbà á níwájú.

Owó tó wọlé rèé.
A fọ alùpùpù mẹ́tàlélógójì ní oríta tó lọ sí Mọ̀pà.
Ọ̀gá Ọlọ́runnípa, tó fi ọdún mọ́kànlélógún na ọmọ ní kíláàsì,
ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń fọ táyà ẹni tó ti nà rí,
ẹni náà sì ń nawọ́: "Sà, ẹ̀yìn ibẹ̀ yẹn kò tíì mọ́."
Ó san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, ó fi igba lé e.
Ó ní, "Igba yìí, mo fi rọ́pò ẹgba."

Bàbá kan láti Ìdọ̀fin kò ní owó lọ́wọ́;
ó gbé ìlàjì àpò kajú wá lórí kẹ̀kẹ́,
ó dúró tì wá títí a fi wọ̀n ọ́n.
Ọmọ wa tó ń gbé Àbújá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì,
ó ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá náírà. Ìjọ pàtẹ́wọ́.
Láti ọjọ́ náà ni fóònù rẹ̀ ti ń sùn.
Pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ orúkọ rẹ̀.

Owó tó jáde rèé.
Dókítà ojú láti Ẹ̀gbẹ̀, owó epo ọkọ̀ nìkan ló gbà.
Awò ojú ọgọ́fà, nínú páálí mẹ́ta.
Omi inú ọ̀rá. Iṣu. Epo.

Ní Sátidé, ọyẹ́ bo àpáta mọ́lẹ̀,
a to bẹ́ǹṣì sí gbọ̀ngàn iléèwé,
"Òkun o" ń lọ, "Òkun o" ń bọ̀.
Àgbà kan wo pátákó lẹ́tà pẹ́, ó ní,
"Mo rí i. Kò kàn fẹ́ kí n dá òun mọ̀ ni."

Ó ku díẹ̀ ká palẹ̀ mọ́ nígbà tí Ìyá Ìpínmọ́rótì wọlé,
obìnrin tó fi òfì rán ọmọ márùn-ún níléèwé.
Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí òfì náà ti fẹ̀yìn ti ògiri
bí àkàbà tí ẹnikẹ́ni kò gùn.

Awò kìíní, ó ní rárá.
Ìkejì, ó mi orí.
Ìkẹta, ó dákẹ́.
Ó wò mí. Ó wò mí títí.
"Dáísí, ìwọ lo hewú tó báyìí?"
Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín,
mo rò pé ó parí síbẹ̀.
Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí èjìká mi,
síbi tí aṣọ ẹgbẹ́ wa ti tú lójú rírán,
aṣọ búlúù tí a fi ń ya fọ́tò,
tí mo ti ń fi báàjì bo ihò rẹ̀ láti èṣí.

"Bọ́ ọ. A kì í rán aṣọ mọ́ ènìyàn lára."

Abẹ́rẹ́ wà létí gèlè rẹ̀.
Ọdún mẹ́fà, kò yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.
Ó fa òwú kan létí ìró,
ó gbé abẹ́rẹ́ sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.
Dókítà pàápàá dá páálí tó ń dì dúró.

Òwú wọlé lẹ́ẹ̀kan.

Kò hó, kò yọ̀. Ó ní, "Ẹn-ẹ́n,"
ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an,
èmi akápò odindi ẹgbẹ́ dúró ti síńgílẹ́ẹ̀tì nínú ọyẹ́,
àwọn ọmọdé ń yọjú lójú fèrèsé wo ikùn mi.

Alẹ́ ni mo ṣírò. Ó ṣẹ́ ku ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti àádọ́jọ náírà.
Alága bi mí bóyá ó pé. Ó pé.
Wọ́n ní kí n tún pe ọmọ Àbújá. Mo pè é.
Èjìká yìí nìkan ni mi ò mọ ibi tí mo lè kọ ọ́ sí:
a kò ná an jáde, a kò pa á wọlé.
Òwú rẹ̀ pupa, aṣọ wa búlúù.
Bí mo bá nawọ́ sókè láti dìbò ní ìpàdé,
ó máa ń hàn.